Séèfù Tó Ń Bẹ̀rù Òtútù

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo dé ibi iṣẹ́, agolo epo ni ọ̀gá mi kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ mi. Àgádágodo kan wà lórí tábìlì, ó ti le, kọ́kọ́rọ́ kò yí nínú rẹ̀. Mo ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni tó bá dàgbà sí Òṣogbo máa ṣe: mo wá epo. Ní ilé wa, ìyẹ́ adìẹ ni bàbá mi fi ń kán epo sínú àgádágodo. Á yí kọ́kọ́rọ́ síwá, á yí i sẹ́yìn, á nu ọwọ́ rẹ̀ sára ògiri, ó tán. Ọ̀gá Lloyd gba agolo náà, ó sì gbé e sórí pẹpẹ tí ọwọ́ mi kò lè tó, bí ẹni ń gbé oògùn pamọ́ fún ọmọdé.

"Àgádágodo kì í mu epo," ó wí. "Lónìí, epo á jẹ́ kó yọ̀. Tó bá pẹ́, á kó eruku jọ, á di ẹrọ̀fọ̀. Àwọn tó ń da epo sí i ló ń fún wa ní oúnjẹ, ṣùgbọ́n àwa kì í dà á."

Mo ní mo ti gbọ́. Ẹni tó ń wá iṣẹ́ kì í jiyàn.

Ọmọ ló gbé mi dé ìdí iṣẹ́ yìí. Ilé ẹ̀kọ́ girama ni mo ti dúró, n kò sì kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kankan kí a tó dé Calgary ní Kánádà. Nígbà tí Tómi, ọmọ mi obìnrin, ṣì kéré, wọ́n pè é sí ọjọ́ ìbí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní àdúgbò Castleridge. Mo ti gbọ́ pé àwọn ènìyàn níbí máa ń ní ìbọn ọdẹ nílé. Mo pe ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí fóònù, mo bi í bóyá ìbọn wà nílé wọn. Ó ní ó wà, ti ọkọ òun ni, inú séèfù ló wà ní basement, yàrá abẹ́ ilé wọn. Mo ní ṣé mo lè rí séèfù náà. Ọkọ mi tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fi ọwọ́ bo ojú rẹ̀.

Nígbà tí ọjọ́ pé, mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sí basement náà pẹ̀lú ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí lábẹ́ apá. Mo bá bàbá òyìnbó kan tó ti hewú lórí ìkúnlẹ̀ níwájú àpótí irin tó ga tó kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ. Iṣẹ́ ló wá ṣe. Mo bi í bóyá ọmọdé lè ṣí i. Mo bi í bóyá ó lè wó lu ènìyàn. Mo bi í bóyá àwọn ọ̀pá irin tó ń di ilẹ̀kùn mú ń wọlé lápá òkè náà, tàbí ẹ̀gbẹ́ nìkan. Ìgbà yẹn ló yíjú padà.

"Madam, ṣé ẹ fẹ́ ra séèfù ni, àbí ẹ fẹ́ jà á lólè?"

Mo ní ìyá ọmọ ni mí. Ó rẹ́rìn-ín, ó fún mi ní káàdì rẹ̀. Ọ̀gá Lloyd nìyẹn.

Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, owó epo rọ̀bì já wálẹ̀. Ilé iṣẹ́ epo ni ọkọ mi ti ń ya àwòrán páìpù. Wọ́n pè wọ́n wọ yàrá kan lówùúrọ̀, kó tó di ọ̀sán ó ti délé pẹ̀lú páálí kan tí kọ́ọ̀pù tíì rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Mo wá káàdì Ọ̀gá Lloyd jáde. Ó ní iṣẹ́ wà, kò pọ̀. Àwọn tí wọ́n dá dúró níbi iṣẹ́ epo ń ta ilé, wọ́n ń ta ìbọn, wọ́n ń fi séèfù sílẹ̀ fún ẹni tó ra ilé láìsọ nọ́ńbà rẹ̀ fún un. Ó gbà mí pé kí n máa bọ̀ títí di Kérésì, kí òun fi wò mí.

Kí n ṣàlàyé séèfù náà fún ẹni tí kò rí irú rẹ̀ rí. Òfin ibí ni pé ẹni tó bá ní ìbọn nílé gbọ́dọ̀ tì í pa, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń ra àpótí irin yìí. Ohun róbótó kan wà níwájú ilẹ̀kùn rẹ̀ tí a kọ nọ́ńbà yí ká, dial là ń pè é. Lẹ́yìn dial, nínú ilẹ̀kùn, àwọn kẹ̀kẹ́ pẹlẹbẹ kan tò léra wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àlàfo kékeré létí. Tí o bá yí dial sí àwọn nọ́ńbà tó yẹ, àwọn àlàfo náà á bára mu, o máa lè fa ọwọ́ ilẹ̀kùn, àwọn ọ̀pá irin tó dì í mú á sì wọ inú rẹ̀ padà, á ṣí. Ọ̀gá Lloyd máa ń sọ pé séèfù kì í sábà ṣàìsàn, ẹni tó ni ín ló ń ṣàìsàn. Ẹnì kan á yí dial kọjá nọ́ńbà nítorí ìkánjú. Ẹlòmíràn á di ẹrù kún inú rẹ̀ títí ẹrù á fi máa ti ilẹ̀kùn láti inú. Ó ní kí n kọ́kọ́ wo ènìyàn kí n tó wo irin.

Oṣù tó ṣáájú Kérésì ni ọ̀rọ̀ Savanna ṣẹlẹ̀. Savanna jẹ́ àdúgbò tuntun ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn ìlú, àwa tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé pọ̀ níbẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Báyọ̀, ẹnjiníà tí iṣẹ́ epo bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ló pè wá. Ẹnì kan tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ń kó kúrò nílùú, ó ta ìbọn ọdẹ àti séèfù fún un. Báyọ̀ gba ìwé àṣẹ, ó ní òun máa pa ìgalà tí ìdílé òun á jẹ títí òtútù fi máa lọ. Inú gáréèjì ilé rẹ̀, níbi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí, ló gbé séèfù náà sí. Kò pẹ́, séèfù kọ̀ kò ṣí.

Ọ̀gá Lloyd lọ. Ó yí dial lẹ́ẹ̀kan, ilẹ̀kùn ṣí. Ó yẹ gbogbo rẹ̀ wò láti ìta, kò rí nǹkan kan, ó gba owó rẹ̀, ó padà. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, Báyọ̀ tún pè: ó ti kọ̀. Ọ̀gá tún lọ, ó tún ṣí lọ́wọ́ rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ṣí ìkòkò. Nígbà tí ó kọ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, Báyọ̀ sọ̀rọ̀ sí ọ̀gá mi lórí fóònù bí ẹni pé olè ni, ó ní òun máa sọ fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà tó wà ní Calgary, bẹ̀rẹ̀ láti WhatsApp ìjọ òun.

Ọ̀gá gbé fóònù kalẹ̀, ó wò mí.

"Ìwọ lo máa lọ. Ẹ jọ gbọ́ èdè ara yín. Wá ohun tó ń ṣe é. Tí ó bá tún kọ̀ lẹ́yìn tìrẹ, kò ní sí ẹni tó máa pè wá mọ́ ní apá ibẹ̀, àti pé mi ò ní lè mú ọ kọjá Kérésì."

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Èyí tó tún bà mí lẹ́rù jù nìyẹn.

Òtútù ọjọ́ náà kò ṣeé fẹnu sọ. Irun imú mi dì kí n tó ti ilẹ̀kùn ọkọ̀. Kí n tó tẹ aago ẹnu ọ̀nà wọn, mo kọ́kọ́ pe Tómi láti mọ̀ bóyá ó ti dé láti ilé ìwé. "Mum, I'm literally inside," ó ní, "and Daddy is here." Bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bàbá kì í ṣe àgádágodo. Mo ní kó lọ wo ilẹ̀kùn ẹ̀yìn bóyá ó tì. Ó lọ, ó ń kùn.

Báyọ̀ mú mi wọ gáréèjì. Ọkùnrin gíga ni, ó ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná sí ọwọ́ méjèèjì.

"Aunty, ẹ má bínú pé mo pariwo mọ́ ọ̀gá yín," ó wí. "Ojúsàájú ni séèfù yìí ń ṣe. Òyìnbó dé, ó ṣí. Èmi dé, ó kọ̀. Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe máa ṣe yín."

Ó ṣe mí bó ṣe ṣe é. Mo yí dial, ó wúwo lọ́wọ́ mi bí ìgbà tí ènìyàn ń ro ọkà tó ti ń dì. Mo yí gbogbo nọ́ńbà náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, mo fa ọwọ́ ilẹ̀kùn, kò mì. Báyọ̀ rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín ayọ̀.

Mo rántí pé kí n kọ́kọ́ wo ènìyàn. Mo bi í pé báwo ni ojú ọjọ́ ṣe rí nígbà tí ọ̀gá mi wá. Ó ronú. Ó ní nígbà àkọ́kọ́, omi ń kán láti orí òrùlé, snow ti yọ́, àwọn ọmọ ń sáré kiri láìwọ jákẹ́ẹ̀tì. Nígbà kejì ńkọ́? Ó ní bákan náà ni. Chinook ni, afẹ́fẹ́ gbígbóná tó máa ń ti orí àwọn òkè fẹ́ wá, tó ń sọ ìgbà òtútù di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Òtútù ló máa ń mú kí séèfù kọ̀, Báyọ̀ á pè wá, ṣùgbọ́n kí Ọ̀gá tó ráyè dé, chinook á ti fẹ́. Òyìnbó kọ́ ni séèfù ń bọ̀wọ̀ fún, ooru ni.

Ṣùgbọ́n kí ló ń dì nínú rẹ̀? Kò sí omi níbẹ̀. Mo tan iná tọ́ọ̀ṣì sí abẹ́ dial, mo rí ohun kan tó ń dán, eruku ti lẹ̀ mọ́ ọn. Mo fi ìka nù ún, mo gbóòórùn rẹ̀. Mo mọ òórùn náà. Ọjọ́ Sunday ni mo ti mọ̀ ọ́n, iwájú orí mi ni wọ́n ti ń fi í sí. Mo gbé ojú sókè, mo rí àmì tó jọ ọ́ lórí férémù ilẹ̀kùn tó wọ inú ilé. Òmíràn wà lára fíríìsà. Kódà ó wà lára ṣọ́bìrì tí wọ́n fi ń kó snow.

Fóònù Báyọ̀ dún lókè, ó sáré lọ gbé e. Bó ṣe ń wọlé ni ìyá rẹ̀ ń jáde bọ̀, Màmá tó wá kí wọn láti Abẹ́òkúta. Ó wọ búbà, ó wọ súwẹ́tà méjì lé e, bàtà snow ọmọ rẹ̀ ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó gbé tíì wá fún mi. Mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú séèfù, nítorí náà ìkíni náà kò ná mi ní wàhálà kankan. Mo na ìka mi sí i.

"Màmá, òróró ta ni èyí?"

Ó bojú wẹ̀yìn wo ilẹ̀kùn. "Òróró Ọlọ́run ni."

"Ta ló bá Ọlọ́run fi í síbẹ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó jókòó sórí táyà ọkọ̀ kan. "Bó o ṣe bi mí, èmi náà á bi ọ́. Ṣé o bímọ?"

"Mo bí ọ̀kan, Màmá."

"Tí ọmọ rẹ bá ń sùn lókè, tí ìbọn wà nísàlẹ̀ rẹ̀, kí ni wàá ṣe?"

Èmi tí mo gbé ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí sábẹ́ apá lọ yẹ basement onílé wò, kí ni mo fẹ́ sọ? Màmá ní àràárọ̀ lòun ń sọ̀ kalẹ̀ wá kí wọ́n tó jí. Òun á kán òróró sójú ibi tí wọ́n ti ń yí i, òun á ní kí ohun tó wà nínú rẹ̀ má jáde wá ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi nínú ilé yìí.

Mo ṣàlàyé fún un. Mo ní òróró náà ń ṣàn gba ẹ̀yìn dial wọlé, ó ń bọ́ sórí àwọn kẹ̀kẹ́. Tí òtútù bá mú, á dì bí ọ̀rá orí ọbẹ̀ inú fíríìjì, àwọn kẹ̀kẹ́ á lẹ̀ mọ́ra wọn, èyí tí kò yẹ kó yí á máa tẹ̀ lé èyí tó ń yí. Tí afẹ́fẹ́ gbígbóná bá fẹ́, á yọ́, gbogbo rẹ̀ á tún dára. Màmá gbọ́ mi dé òpin. Ó fa súwẹ́tà rẹ̀ mọ́ra.

"Kí ni mo gbàdúrà fún? Pé kó má jáde. Ṣé ó jáde?"

"Kò jáde, Màmá."

"Báyọ̀ ti múra tán lẹ́ẹ̀mẹta láti gbé e lọ sígbó. Ṣé ó rí i gbé?"

"Kò rí i gbé."

"Ó gbà, àbí kò gbà?"

Iṣẹ́ fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi, ẹ̀rín ni mo ń rín. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rín náà tán, mo sọ òótọ́ fún un. Mo ní tí n kò bá sọ ohun tó fà á, á tún kọ̀, wọ́n á sì dá mi dúró níbi iṣẹ́, ọkọ mi kò sì níṣẹ́ báyìí. Tí mo bá sì sọ ọ́, ọmọ rẹ̀ á bá a bínú. Màmá dìde lórí táyà.

"Mo wá ṣọ́ àwọn ọmọ ọmọ mi," ó wí, "mi ò ní wá fi ebi pa ọmọ tìrẹ. Báyọ̀ wá ńkọ́, ṣé òun ló bí mi ni? Màá sọ fún un fúnra mi. Kí ló máa ń yọ́ ọ?"

Mo ní ooru, ṣùgbọ́n kì í ṣe iná. Ó wọlé, ó gbé ẹ̀rọ tí ìyàwó Báyọ̀ fi ń gbẹ irun jáde. Ó dojú rẹ̀ kọ ilẹ̀kùn séèfù, èmi sì ń yí dial lọ, ń yí i bọ̀, kí àwọn kẹ̀kẹ́ lè tú kúrò lára ara wọn. Báyọ̀ padà dé, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Màmá, kí lẹ ń ṣe?"

"Mò ń bá a gbẹ irun ni."

Ìgbà yẹn ni dial fúyẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí nọ́ńbà àkọ́kọ́, n kò kánjú. Mo fa ọwọ́ ilẹ̀kùn, àwọn ọ̀pá irin wọlé gbàgà. Màmá pa ẹ̀rọ náà. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún ọmọ rẹ̀, kò fi ọ̀kan pamọ́, kò sì bẹ̀bẹ̀. Báyọ̀ jókòó sórí táyà tí ìyá rẹ̀ dìde lórí rẹ̀.

"Màmá, mo ti bú bàbá arúgbó yẹn lásán."

"Tó o bá fẹ́ bẹ̀ ẹ́, bẹ̀ ẹ́ dáadáa."

Àṣà iṣẹ́ wa ni pé a kì í fọwọ́ kan ìbọn oníbàárà. Báyọ̀ fúnra rẹ̀ gbé e jáde, ó tì í mọ́ ibòmíràn. Mo tú ìdérí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, mo fọ àwọn kẹ̀kẹ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, mo gbẹ wọ́n, mo fi gíríìsì tí kò tó ẹyọ wóró ìrẹsì sí ibi tí àwọn tó ṣe é ní ká fi sí. Mo dán an wò léraléra pẹ̀lú ilẹ̀kùn ní ṣíṣí, nítorí ẹni tó bá ti séèfù kó tó dán an wò ti pè wá padà nìyẹn. Mo kó àwọn àpò kékeré tó ń fa ọ̀rinrin sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ọkàn mi kò tíì balẹ̀. Mo ní kí Báyọ̀ ṣí ilẹ̀kùn gáréèjì sílẹ̀ gbayawu kí òtútù wọlé. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró, Màmá da bùláńkẹ́ẹ̀tì borí. Nígbà tí irin náà tutù dé ibi tí kò ṣeé fọwọ́ kàn, mo ní kí Báyọ̀ fúnra rẹ̀ yí i. Ó ṣí. Mo ní kó tún un ṣe. Ó tún ṣí.

"Kò ṣojúsàájú mọ́," Báyọ̀ wí.

Bí mo ṣe ń kó irinṣẹ́ mi, Màmá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní níbo ni kí òun wá máa fi òróró òun sí. Mo fẹ́ sọ pé kò sí ibì kankan. Ojú tó fi wò mí, mo mọ ojú náà, inú dígí ni mo ti ń rí i. Mo fi àwọn ínjì hàn án, àwọn tó gbé ilẹ̀kùn náà dúró níta, tí wọ́n sì ti ń dún. Mo ní ibẹ̀ gba òróró. Ẹ̀kán kan, lẹ́ẹ̀kan lóṣù.

"Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀," ó wí.

"Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, Màmá."

"Àdúrà wá ńkọ́?"

Mo ní àdúrà lè jẹ́ àràárọ̀. A fi ọ̀rọ̀ náà síbẹ̀.

Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù, Ọ̀gá Lloyd ti wọ jákẹ́ẹ̀tì, ó fẹ́ máa lọ sílé rẹ̀ ní Okotoks. Ó bi mí pé kí ló ṣe é. Mo ní òróró. Ó ní ta ló da òróró sí àgádágodo séèfù. Mo ní ìyá àgbà kan tí kò fẹ́ kí nǹkan ṣe àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀. Mo sọ ọ̀rọ̀ chinook fún un. Ó jókòó, ó bọ́ fìlà rẹ̀.

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbowó lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn," ó wí, "fún iṣẹ́ tí afẹ́fẹ́ ṣe."

Ó dìde, ó na ọwọ́ sí pẹpẹ òkè, ó gbé agolo epo ọjọ́ àkọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, ó gbé e síwájú mi. Ó ní ti ínjì ni, kí n mọ ibi tí mo máa kán an sí. Lẹ́yìn náà ló bi mí bóyá mo máa lè máa tètè dé lẹ́yìn Kérésì, nítorí ìgbà náà ni ọ̀nà máa ń yọ̀ jù.

Báyọ̀ wá bẹ̀ ẹ́, ó bẹ̀ ẹ́ dáadáa. Kò sì sọ̀rọ̀ wa ní búburú lórí WhatsApp ìjọ rẹ̀, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí pè wá láti ibẹ̀ ni. Ó lọ sígbó ní Saturday yẹn, ó dúró nínú snow títí ilẹ̀ fi ṣú, kò rí ìgalà kankan. Mo gbọ́ pé Màmá ní òun kò mọ nǹkan kan nípa èyí.

Ọ̀gá Lloyd ti fẹ̀yìn tì báyìí, èmi ni mo ni ṣọ́ọ̀bù náà. Tí ẹnikẹ́ni bá pè mí pé séèfù òun kọ̀, mo máa ń bi í nípa òtútù, nípa ẹrù inú rẹ̀ àti bó ṣe ń yí dial. Tó bá jẹ́ ọmọ ilé wa, ìbéèrè kan ló máa ń ṣáájú gbogbo èyí: ìyá ta ló wà lọ́dọ̀ yín báyìí? Ọ̀pọ̀ á pariwo láti ìsàlẹ̀ sí òkè ilé: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fi sára séèfù?"

Tómi ti wọ yunifásítì, kì í sábà gbé fóònù mi mọ́. Tí ẹ bá dé ilé mi, tí ẹ sì wo ilẹ̀kùn àbáwọlé dáadáa, ẹ máa rí ibi kan tó ń dán lára rẹ̀. Ínjì ni o, kì í ṣe àgádágodo.